Kí Ló Dé Tí Mágásíìnì Tuntun Ń Dá Àtàǹpàkò Lóró?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston ra ìbọn ìléwọ́ lọ́dún tó kọjá. (Òfin Texas gbà á láyè, ní Nàìjíríà, aráàlú kì í kàn lọ ra irú rẹ̀ o.) Ìbọn gan-an ò yọ ọ́ lẹ́nu. Mágásíìnì, ìyẹn àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń to ọta sí, ló fojú rẹ̀ rí màbo. Ọta 17 ló ń gbà. Tó bá fi máa tẹ ìkọkànlá wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ á ti pọ́n. Sátidé kan mo dé ilé rẹ̀, mo bá a pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́. Ẹnì kan ló ní kó gé díẹ̀ lára sípíríǹgì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e!"

"Ṣebí ìwọ lo ka físíìsì. Wá tẹ̀ ẹ́ fún mi nígbà náà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ká sòótọ́, ó dùn mí.

Ní 1678 ni Robert Hooke, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin sípíríǹgì jáde: bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ti ọwọ́ yín padà tó. Gbogbo ọta tó bá wọlé ló ń fún un pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí àkọ́kọ́ fi rọrùn tí ìkẹyìn fi dà bí ìjà. Ti ìbọn ìléwọ́ tún burú sí i: ìlà méjì ni ọta tò sí nísàlẹ̀, àmọ́ ẹnu mágásíìnì ò gbà ju ẹyọ kan lọ. Bí èrò ìlà méjì tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan ni.

Kí ló wá dé tí tuntun fi le ju ògbólógbòó lọ? Nígbà àkọ́kọ́ tí sípíríǹgì bá tẹ̀ dé ìsàlẹ̀, apá kan irin rẹ̀ lè tẹ̀ kọjá ibi tó ti lè padà sípò. Á kúrú díẹ̀, agbára rẹ̀ á dín díẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Torí ẹ̀ làwọn tó ń yìnbọn fi ń kì ọta kún mágásíìnì tuntun, tí wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣé kò ní rọ̀ pátápátá? Rárá o. Títẹ̀ àti títú léraléra ló ń jẹ sípíríǹgì tó dára jù, kì í ṣe ìjókòó.

Gígé ńkọ́? Sípíríǹgì yìí kan náà ló ń gbé ọta tó kàn dìde kí irin òkè ìbọn tó padà síwájú, kíá báyìí. Ọta tó kẹ́yìn ni agbára rẹ̀ sì kéré jù fún. Tẹ́ ẹ bá gé e, ọta yẹn lè má tètè dìde, ìbọn á há. Ẹni tó ra ìbọn láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ ò fẹ́ irú ẹ̀ jàre.

Mo ra ẹ̀rọ ìkọ́ta kékeré kan fún un, oníke lásán. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà téèyàn fi ọ̀pá gígùn yí òkúta ńlá: apá tó gùn lẹ máa tẹ̀, òun á bá yín ti ọta wálẹ̀. A fi kún mágásíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a tì wọ́n mọ́ inú àpótí irin, torí ọmọ méjì wà nínú ilé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló pè mí. Ọwọ́ lásán ló fi to 15. Méjì tó kù ṣì ń bá a jà, ẹ̀rọ yẹn ló ń fi tẹ̀ wọ́n.