Ọ́ìlì Wo Ni Ó Yẹ Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin?

Gbogbo alángbá ló dánú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ẹ́ńjìnì rí. Ó lè máa dún dáadáa létí ẹni tí ó gùn ún, kí irin inú rẹ̀ sì máa jẹ ara wọn run díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó dúró láàárín irin àti irin kò ju ọ́ìlì tín-ín-rín lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń bi léèrè bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, sọ̀rọ̀ lórí àríyànjiyàn kan tí kò tán láàárín àwọn tí ó ní alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: ṣé ọ́ìlì rọ̀bì ni kí a rọ sí i, tàbí ọ́ìlì àtọwọ́dá?

Alùpùpù yìí, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ATV, ibi tí kò sí ọ̀nà ni a ṣe é fún. Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ọjà Amẹ́ríkà. Ní 1982 ni Suzuki gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà ń fi í da ẹran, wọ́n sì ń fi í fa ẹrù nínú oko. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ìrìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù wúwo ni, nínú erùpẹ̀ àti ẹrọ̀fọ̀, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ sí ẹ́ńjìnì tó, tí ooru a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ́ìlì rọ̀bì ni èyí tí a fọ̀ jáde láti inú epo rọ̀bì. Bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, àwọn ohun tí ó para pọ̀ di í kì í dọ́gba, òmíràn a sì dà bí ìda tí í dì nígbà òtútù. Ní ti ọ́ìlì àtọwọ́dá, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó to ohun inú rẹ̀ papọ̀ kí wọn lè bá ara wọn mu. Àwọn ará Jámánì ṣe irú rẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n wọn. Ní 1974 ni Mobil 1 sì wọ ọjà Amẹ́ríkà fún mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ní Amẹ́ríkà lónìí, ọ́ìlì rọ̀bì tí a bá tún ṣe gidigidi lè máa jẹ́ orúkọ àtọwọ́dá, bẹ́ẹ̀ ni Jámánì kò gba irú èyí. Nítorí náà, orúkọ ara agolo nìkan kò tó gbára lé.

Àǹfààní ọ́ìlì àtọwọ́dá hàn gbangba. Nínú yìnyín Kánádà, kíákíá ni ó ń ṣàn dé ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnì. Nínú ooru líle pẹ̀lú, kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, èérí tí ẹ́ńjìnì ń yọ sínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí ó ń yọ sínú ọ́ìlì rọ̀bì.

Ìbéèrè kan ṣe pàtàkì ju ti àtọwọ́dá tàbí rọ̀bì lọ, ìyẹn sì ni ti kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò. Ọ́ìlì mọ́tò mìíràn ní èròjà tí ń mú irin yọ̀ kí mọ́tò má bàa jẹ epo púpọ̀. Bí irú èròjà bẹ́ẹ̀ bá kan àwo kílọ́ọ̀ṣì, àwo náà yóò máa yọ̀: ẹ́ńjìnì yóò máa ké, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ táyà. Nítorí èyí ni àwọn ará Japan ṣe gbé ìlànà JASO kalẹ̀ ní 1998. Àmì MA ni ti ẹ̀rọ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Àtọwọ́dá ìbáà jẹ́ tàbí rọ̀bì, ó lè gba àmì yìí. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń lo bẹ́líìtì tí kì í fara kan ọ́ìlì, tí jíà wọn sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀; ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Nínú 10W-40, W dúró fún ìgbà òtútù. Bí nọ́ńbà iwájú bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń ṣàn dáadáa tó nínú òtútù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bí yóò ti ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná.

Ṣùgbọ́n èwo nínú ọ́ìlì méjèèjì ni ó lè gba ẹ̀rọ tí ọlọ́jà rẹ̀ kò tọ́jú? Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya, erùpẹ̀ yóò wọlé, yóò sì máa rìn irin bí ẹni lo ayùn. Bí omi bá wọ ẹ́ńjìnì, tí ọ́ìlì sì funfun bí wàrà, kí a dà á nù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ra ọ́ìlì olówó ńlá, tí ó wá fi pípààrọ̀ rẹ̀ falẹ̀ ju bí ìwé ti wí lọ, ó fi owó ṣòfò.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa nílé. Ọ̀kadà tí ń gbé wa kiri lórílẹ̀-èdè wa, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ pẹ̀lú ń lò, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń wá. Òtútù yìnyín kò sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ìdajì àǹfààní tí a ń yin ọ́ìlì àtọwọ́dá fún kò kàn wá. Ewu tiwa ni ayédèrú: ọ́ìlì àlòkù tí a sẹ́, tí a dà sínú agolo olórúkọ ńlá. Ẹ má ṣe fi agolo òfìfo sílẹ̀ fún oníjìbìtì. Ẹ dá a lu kí ẹ tó jù ú nù.

Ní tiwa, ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ó sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ọ́ìlì rọ̀bì tí àmì àti nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà tó o. Ẹni tí ń fa ẹrù wúwo nínú ooru látàárọ̀ dalẹ́, tàbí tí ń gbé ilẹ̀ yìnyín, kí ó ra àtọwọ́dá bí agbára rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó na owó, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa ka ohun tí a kọ sí ara agolo, nítorí ẹni tí ó mọ̀wé kà ni oníjìbìtì kì í rí mú.