Bí ehoro bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ẹ má ṣe jẹ́ kó febi sùn

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Ábẹ́òkúta pè mí lórí fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ehoro tí àwọn ọmọ wọn ń sìn, akọ funfun kan báyìí, lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ẹranko pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Iṣẹ́ abẹ náà kẹ́sẹ járí, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí wọ́n fi gbé ehoro padà sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, igun àgò kan ló ká góńgó sí, kò jẹ, kò mu. Mo béèrè pé kí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé àwọn kò gbé nǹkan kan síwájú rẹ̀ o, pé àwọn tiẹ̀ ti kó ewé tó wà nínú àgò náà jáde, nítorí pé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún àwọn lọ́jọ́sí, àwọn nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí àwọn fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ewé náà padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì pe dókítà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí, a kò sì lè bá wọn wí púpọ̀, nítorí ohun tí a mọ̀ nípa ara tiwa ni a fi ń díwọ̀n ara ẹranko. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn má jẹun kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun ni kó má baà bì, kí èébì náà má baà gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ehoro ní tirẹ̀ kì í bì. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ohun tó bá ti wọ ikùn rẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Nítorí náà, dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í febi pa ehoro kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kì í sì í febi pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo bí ìfun rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Tọ̀sán-tòru ni ehoro ń jẹ koríko, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi. Èyí tó ń wọlé lẹ́yìn ló ń ti èyí tó wà níwájú. Nínú àpò ńlá kan tó so mọ́ ìfun rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń bá a sọ koríko líle di oúnjẹ. Bí koríko kò bá wọlé mọ́, ìfun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò máa gbẹ, atẹ́gùn yóò máa kún un, ikùn yóò sì máa ro ehoro. Ìrora náà kò ní jẹ́ kó fẹ́ jẹun, àìjẹun yóò sì tún mú kí ìfun dákẹ́ sí i. Iṣẹ́ abẹ sì rèé, ó kó ìrora, ẹ̀rù àti oògùn oorun wá lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ehoro tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀jáfáfá ṣiṣẹ́ abẹ fún lè kú sínú àgò rẹ̀.

Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008, lórí àwọn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fún ní oògùn oorun ní ilé ìwòsàn. Nínú ajá 10,000, nǹkan bíi 17 ló kú. Nínú ológbò 10,000, nǹkan bíi 24 ni. Nínú ehoro 10,000, ó tó 139. Lóòótọ́, àwọn tí àìsàn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ wà nínú iye yìí. Bí a bá ka àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá nìkan, ó dín sí nǹkan bíi 73. Ṣùgbọ́n ohun tó gba àròjinlẹ̀ níbẹ̀ ni pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ehoro tó kú ni kò kú nígbà tí oògùn oorun ṣì wà lójú wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n kú.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n ń tẹ ehoro lọ́dàá. Ẹni tó ń sìn ín fún ẹran títà kò nílò rẹ̀, ọmọ tí ehoro ń bí gan-an ni owó tirẹ̀. Ẹni tó rà á fún àwọn ọmọ ilé láti máa bá ṣeré ni ọ̀rọ̀ kàn. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni abo ehoro ń fi gbé oyún, ọjọ́ tó bá sì bímọ gan-an ló tún lè lóyún mìíràn. Akọ tó ti bàlágà a máa fọ́n ìtọ̀ sára ògiri àti àga, a sì máa bá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Ní ti abo, jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ gidigidi lára èyí tó bá ti ju ọdún 4 lọ tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀. Kórópọ̀n ni dókítà ń yọ lára akọ, ilé ọmọ àti ilé ẹyin ni ti abo. Ti abo le jù, nítorí pé ikùn ni wọ́n ń là.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹni tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá ládùúgbò o. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn l'Ábẹ́òkúta, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà káàkiri. Ajá ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ jù, nítorí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ti ehoro rí. Ẹ tún béèrè oògùn apàrora tí ẹ óò gbé lọ sílé. Bí dókítà kan bá ní kí ehoro yín má jẹun mọ́jú kí ẹ tó gbé e wá, èrò tèmi ni pé kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú ilé ni kí ehoro wà, níbi tí kò ti sí ariwo, tí ajá àti ológbò kò lè dé. Ẹ̀rúnrún pákó láti ilé ìlagi kò dára fún un lásìkò yìí, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́; aṣọ ìnura tó mọ́ tàbí ìwé ìròyìn ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Oògùn oorun a máa mú kí ara ehoro tutù. Bí ẹ bá fọwọ́ kan etí rẹ̀ tí ó tutù rinrin, ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò rọ́bà, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè sún mọ́ ọn tàbí kó sún kúrò. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti yá tán, ooru ni ọ̀tá rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbí. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí ló fi ń lé ooru jáde. Bí ojú ọjọ́ bá ti kọjá ìwọ̀n 28 tàbí 30, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Ibi tí òòrùn kò dé, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé imú nìkan ni ehoro fi ń mí bó ṣe yẹ, èéfín kò sì dára fún un.

Oúnjẹ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ojú rẹ̀ bá ti là, tó sì lè gbé orí dúró, ẹ gbé koríko àti omi síwájú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ewé ànàmọ́ tútù, eèsún, tàbí koríko gbígbẹ tó ń ta sánsán. Àwo pẹlẹbẹ ni kí omi wà, kó má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa na ọrùn. Kárọ́ọ̀tì tí gbogbo wa rò pé òun ni oúnjẹ ehoro, díẹ̀ ni kó jẹ́, ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà yìí ni ẹ máa dán oúnjẹ tuntun wò.

Ẹ máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni ẹ fi lè mọ̀ bí ìfun ṣe ń ṣe. Ó lè kéré, ó lè má pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Bó bá ṣáà ti ń wá, tó sì ń tóbi sí i, ara ń bọ̀ sípò nìyẹn. Bí wákàtí 12 bá kọjá tí ehoro kò jẹ nǹkan kan, tàbí tí kò yàgbẹ́ rárá, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ pe dókítà lóru náà. Ó lè ní kí ẹ rẹ oúnjẹ ehoro oníwóró sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, kí ẹ fi sírìnjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbé èyí tó wà lẹ́nu mì kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Kí dókítà kọ́kọ́ fi bí ẹ óò ṣe ṣe é hàn yín. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tó sì le, ẹ má fi tipá fún un ní nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ehoro kì í ké bí ajá bí nǹkan bá ń dùn ún. Ẹran tí gbogbo ẹranko ń pa jẹ ni, ìfarapamọ́ ni ààbò rẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Newcastle ní Ìlú Ọba gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi lè ka ìrora lójú ehoro. Ojú á fún pọ̀ bí ẹni tó ń sùn tí kò sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pẹlẹbẹ, ihò imú á ṣe ṣóńṣó, irun imú á le, etí á ká, á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi kún un pé ó lè máa pa eyín keke kíkankíkan. Èyí yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rọra fi eyín lọ ara wọn bí ẹ bá ń fọwọ́ pa á lórí, ìgbádùn nìyẹn. Bí ẹ bá rí àwọn àmì ìrora yìí, apàrora tó lò kò tó, dókítà ló sì yẹ kó fi kún un. Ẹ má ṣe já oògùn tiyín sí méjì fún un.

Níbi ọ̀rọ̀ oògùn yìí, àṣà kan wà nílé wa tó yẹ kí n mẹ́nu bà. Bí ọmọ bá fara pa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń já kápúsù Ampiclox, tí wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Bí ẹ bá wọ́n ọn sójú ọgbẹ́ ehoro, yóò lá a. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, bó bá gba ẹnu wọ inú ehoro, yóò pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, àwọn burúkú á sì gbilẹ̀, wọ́n á tú oró sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ikú. Ohun tó ń wo ọmọ sàn lè pa ehoro.

Ojú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò nílò púpọ̀. Ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Àpò ẹpọ̀n akọ lè wú díẹ̀, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí ọyún bá ń jáde, bó bá ń rùn, bí ojú rẹ̀ bá là, tàbí tí eṣinṣin ń bà á, ẹ gbé e padà. Ìdin lè jáde láti ara ẹyin eṣinṣin láàárín ọjọ́ kan péré. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ike tí wọ́n ń fi sọ́rùn ajá kó má baà lá egbò kò bá ehoro mu dáadáa, nítorí pé ehoro ní láti tẹ orí sẹ́yìn jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ kan tó máa ń yà, oúnjẹ gidi ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ń fi eyín fa ojú rírán, dókítà ni kó sọ ohun tí ẹ óò ṣe.

Fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kò gbọdọ̀ máa fò gorí àga. Ẹ má sì fi etí gbé e bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jà. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí. Bó bá ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lófuurufú, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tẹ akọ tirẹ̀ lọ́dàá, ó sì dá a padà sáàárín àwọn abo lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, abo kan bí ọmọ mẹ́fà, ó sì ń bínú pé dókítà gba owó òun lásán. Dókítà kò ṣẹ̀ ẹ́. Àtọ̀ tó ti wà nínú ara akọ tẹ́lẹ̀ ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n máa rí ara wọn láti inú àgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn, ó tó.

Ehoro ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Dókítà ní kí wọ́n gbé e padà wá lóru náà, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ apàrora. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni ó fi imú ti ewé ànàmọ́ kan síwá sẹ́yìn, tó sì jẹ ẹ́ tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àbúrò pátápátá nínú àwọn ọmọ náà ti ka wóró ìgbẹ́ mẹ́sàn-án nínú àgò. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ àwọn abo méjì tó kù.