Jíìpù Ńlá Tòkunbọ̀ Tó Ti Pẹ́: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Agbára Rẹ̀ Àti Epo Tó Ń Mu

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá àwọn jíìpù ńlá tó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń lò wọ́n, tí wọ́n ṣì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní Nàìjíríà. Toyota Sequoia, Chevrolet Tahoe, Ford Expedition àti Nissan Armada wà lára wọn. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ni pé: kí ló dé tí jíìpù tó tóbi tó báyìí fi lè wà ní iye kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ tún dínwó jù ú lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Owó tí a fi ra ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa san án. Owó epo àti owó mẹkáníìkì kò ní ìparí. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà tó ta ilẹ̀ kó tó ra jíìpù, tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù tó dáwó jọ kí wọ́n lè máa rí ọkọ̀ gbé ara wọn lọ sí òde wàlímà, lè rà á tán kó wá di ohun tí wọ́n ń fi omi fọ̀ nínú ọgbà lásán. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú wa kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Epo mélòó ló ń mu?

Ẹ jẹ́ ká fi Sequoia àkọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Toyota ṣe fún ọdún 2001 sí 2007 ní ìlú Princeton, ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì V8 ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ lítà 4.7. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ kí èèyàn kankan tó wọ inú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún un fi hàn pé bíi máìlì 14 ló ń rìn lórí gálọ̀ọ̀nù epo kan. Tí a bá yí i sí èdè tiwa, lítà kan yóò gbé e lọ bíi kìlómítà 6. Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún kan náà ń rìn tó kìlómítà 12 lórí lítà kan.

Ká wá sọ pé ẹ ń rin kìlómítà 60 lóòjọ́, ní ọjọ́ 25 lóṣù. Corolla yóò mu lítà 5 lójúmọ́, Sequoia yóò mu 10. Lóṣù, 125 ni ti Corolla, 250 ni ti Sequoia. Tí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, ₦125,000 ni Corolla yóò gbà lọ́wọ́ yín, Sequoia yóò gba ₦250,000. Ìyàtọ̀ àárín wọn láàárín ọdún kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú iye yẹn.

Nígbà tí lítà epo kò tíì tó ₦200, ìyàtọ̀ yìí ṣì ṣeé fara dà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, epo ti wà ní àyíká ₦1,000. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní jíìpù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wọn, ó sì jẹ́ ara ohun tó fà á tí owó rẹ̀ kò fi le tó bí ó ṣe yẹ.

Ẹ tún rántí pé ìṣirò òkè yìí, ti ọkọ̀ tí ara rẹ̀ yá ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan pẹ̀lú éásì, táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pé, plọ́ọ̀gì tó ti gbó àti sensor tó ti bàjẹ́ lè mú kí jíìpù náà má dé kìlómítà 5 lórí lítà kan. Táǹkì rẹ̀ ń gba epo tó súnmọ́ lítà 100. Tí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, ẹni tó bá fẹ́ kún un ní láti múra owó tó tó ₦100,000 sílẹ̀.

Ṣé wọ́n lágbára lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Ẹ́ńjìnnì lítà 4.7 inú Sequoia yìí náà ni Toyota fi sínú Land Cruiser 100, Tundra àti Lexus GX 470. Irin dúdú tó wúwo ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì sì mọyì rẹ̀ nítorí pé ó máa ń pẹ́ gan-an tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Àlébù rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùrà mọ̀ ni pé timing belt ló ń lò. Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo máìlì 90,000, ìyẹn bíi kìlómítà 145,000. Tó bá já lórí ìrìn, fáàfù àti pístìnnì lè kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ gbà pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ìṣòro kejì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 2007, Toyota pe Sequoia ọdún 2004 sí 2007 padà nítorí ball joint iwájú tó lè gbó kíákíá. Èyí kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré, torí tó bá yọ, táyà iwájú lè ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí eré. Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ìpẹtà ṣáàsí Tacoma, Tundra àti àwọn Sequoia kan. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí ló sì ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ kí ojú ọkọ̀ sì máa dán.

Epo tí Chevrolet Tahoe tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2007 ń mu dín díẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lítà 5.3 rẹ̀ lè jẹ́ kí sílíńdà mẹ́rin nínú mẹ́jọ sinmi tí ìrìn bá lọ geere. Àmọ́ ètò yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ: lifter rẹ̀ máa ń bàjẹ́, àwọn kan sì máa ń jẹ ọ́ìlì. Ford Expedition tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 5.4, fáàfù mẹ́ta, ní ìṣòro plọ́ọ̀gì tó máa ń kán sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Nissan Armada lágbára, ṣùgbọ́n manifold sálẹ́ńsà rẹ̀ máa ń sán. Kò sí èyí nínú wọn tó ju bíi kìlómítà 7 lọ lórí lítà kan ní àpapọ̀ ìrìn ìgboro àti ti ojú ọ̀nà jíjìn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, ẹ má lo ti ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i. Ariwo tíkí-tíkí tó ń rọlẹ̀ bí ó ṣe ń gbóná lè jẹ́ manifold tó ti sán. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáàsí káàkiri. Irin tó dára yóò dún gbaangban, èyí tí ìpẹtà ti jẹ yóò dún bí agolo.

Ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáàsí wo ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkọ̀ tí omi bò nígbà ìjì líle ní Amẹ́ríkà, irú èyí tó jà ní Texas ní ọdún 2017, máa ń bọ́ sí ọjà gbàǹjo. Ẹ gbóòórùn abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lábẹ́ ìjókòó. Tí máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá kéré, tí pẹ́dà bíréèkì sì ti jẹ gan-an, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti dá máìlì náà padà.

Ta ni kó rà á?

Ẹni tó ń gbé èèyàn mẹ́jọ nígbà gbogbo, tó ń rin ọ̀nà tí kò dára, tó sì ní ọkọ̀ kékeré mìíràn fún ìrìn ojoojúmọ́, lè jẹ àǹfààní jíìpù ńlá. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́, kó jìnnà sí i. Toyota Highlander V6 ọdún 2008 ń gbé èèyàn méje, ó ń rìn tó kìlómítà 8 lórí lítà kan, ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 rẹ̀ kò sì lo timing belt. Ẹgbẹ́ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù lè rí i pé bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà dínwó ju jíìpù tí wọ́n ń tọ́jú lọ. Àwọn kan ń yí jíìpù wọn sí gáàsì CNG, èyí sì ń dín owó kù, ṣùgbọ́n sílíńdà rẹ̀ ń gba àyè nínú búùtù, owó àyípadà náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yín.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀ lórí ìwé: owó tí wọ́n ń tà á, owó epo oṣù 12, àti owó àtúnṣe tí mẹkáníìkì yín sọ lẹ́yìn tó ti wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀. Tí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá dí oúnjẹ ilé àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ rà á, kó sì tù yín lára. Tó bá dí i lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a.