Ìdí Tí Omi Fi Ń Ya Ilé: Bí Ọmọ Girama Ṣe Lè Wádìí Rẹ̀

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ SS 2 lọ ṣèwádìí lórí "ìṣòro àyíká ní Nàìjíríà", ohun tí ọ̀pọ̀ wọn yóò gbé wá kò ṣòroó mọ̀: ojú ìwé mẹ́rin tí wọ́n dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sọ pé ojú ọjọ́ ń yí padà, tó sì ní kí ìjọba tètè wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ló ju agbára wọn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè wọn gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó lè wọn gọ́tà iwájú ilé wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, àwọn tó sì bá a lọ lé ní igba. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ Jímọ̀ kan tún wó afárá káàkiri ìlú, ẹ̀mí tó ṣòfò lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbà ti sọ ìtàn méjèèjì fún àwọn ọmọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wọn ni ìdí tí omi fi máa ń wọ àwọn ilé apá ìsàlẹ̀ òpópó tiwọn, tí kì í wọ ti òdìkejì. Ìbéèrè tó ṣeé wádìí nìyẹn. Ó ní ojúkò, ó ní ohun tí wọ́n lè wọ̀n, ẹni tó sì ń béèrè rẹ̀ kò mọ ìdáhùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Bí ọmọ bá ti mọ ìdáhùn kó tó jáde nílé, ìwàásù ló ń lọ ṣe.

Òjò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Òjò tó bá jẹ́ mìlímítà 1, lítà omi 1 ló dà sórí gbogbo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀ lé e, lítà 6,000 ni òrùlé yẹn nìkan yóò dà sílẹ̀. Níbi tí àgbàlá bá ti jẹ́ ilẹ̀ lásán tàbí koríko, ilẹ̀ á mu lára rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì dé ẹnu géètì, bóyá ni èyí tí kò ní sáré bọ́ sí gọ́tà yóò fi tó nǹkan. Kí àwọn ọmọ wá rìn gba apá òkè òpópó náà, kí wọ́n ka iye àgbàlá tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì látòkè délẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé àgbàrá tó ń da ará ìsàlẹ̀ láàmú, ọ̀dọ̀ ẹni tí omi kò wọ ilé rẹ̀ rí ló ti ń bọ̀.

Ìgò ike tó tẹ́jú lára, tí kò ní kọ́lọkọ̀lọ, tó láti fi wọn òjò. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á dojú orí náà dé sínú ìgò kó di àrọ. Nítorí pé ìdí ìgò kì í dọ́gba, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi díẹ̀ sí i títí yóò fi dé ibi tí ara ìgò ti gún régé, wọ́n á fa ilà síbẹ̀. Orí ilà yìí ni rúlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, wọ́n á sì máa kà á láràárọ̀ ní aago 7, wọ́n á máa dín omi inú rẹ̀ padà sí ojú ilà. Bí wọ́n bá fo ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fo ọjọ́ náà. Kí wọ́n má ṣe méfò.

Ó kan gọ́tà. Ìgbà tí òjò bá ti dá, tí omi ti lọ, ni kí wọ́n débẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tí àgbàrá bá ń rọ́. Bí gọ́tà bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ohun tó dí i sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló kù tí omi lè gbà. Kí ló wá dí i? Gbogbo ayé ló máa ń sọ pé àwọn tó ń da ilẹ̀ sí gọ́tà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú mítà 10 nínú gọ́tà náà, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n kó ohun inú rẹ̀ sí báàkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: náílọ̀n píọ̀ wọ́tà, ike, ewé, iyanrìn. Bí báàkẹ́ẹ̀tì iyanrìn bá pọ̀ jù, ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́rùn màmá tó ń ta àkàrà létí gọ́tà. Ó ti di ti ọ̀nà òkè tí wọn kò dá ọ̀dà sí, tàbí ti ẹni tó ń kọ́lé, tó da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Iṣẹ́ tí yóò wo ọ̀kan sàn kò lè wo èkejì.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ilé tí omi ń wọ̀ nítorí gọ́tà àti ilé tí omi ń wọ̀ nítorí pé inú kòtò ni wọ́n kọ́ ọ sí. Rọ́bà funfun tó mọ́ gaara, tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba ilẹ̀, ni yóò là á yé wọn. Wọ́n á rọ omi kún un, ọmọ kan á di ẹnu kan mú níwájú ilé àkọ́kọ́, èkejì á di ẹnu kejì mú níwájú ilé kejì. Omi inú rẹ̀ yóò dúró ní ìdọ́gba kan náà lójú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 ni láti ilẹ̀ dé ojú omi níbí, tó jẹ́ 110 lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ọ̀hún fi sẹ̀ǹtímítà 30 rẹlẹ̀ ju tibí lọ. Bí ilé méjì bá wá wà ní ìdọ́gba, tí omi ń wọ ọ̀kan tí kò wọ èkejì, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè nàka sí gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ló le jù, nítorí bí a bá ṣe béèrè ni a ó ṣe gbọ́. "Mà, ṣé ẹ máa ń da ilẹ̀ sínú gọ́tà?" Ta ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni? Kí ọmọ kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, mà, ajé á wọgbá." Kó sọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ohun tó ń wá, kó tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà kó béèrè pé: "Ìgbà wo ni àwọn kólẹ̀kódọ̀tí wá kẹ́yìn? Lọ́sẹ̀ tí wọn kò wá, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Bákan náà, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tí yóò sọ iye tó ń pa lóòjọ́ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n yóò sọ ọjà tí omi bàjẹ́, iye ọjọ́ tí kò lè ṣí, àti ibi tó ti rí owó tó fi ra ọjà mìíràn: ṣé àjọ ló kó ni àbí gbèsè ló jẹ. Bí wọ́n bá ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà nípa àtijọ́, kí wọ́n fi ọdún Ògùnpa ṣe àmì. Èyí rọrùn láti rántí ju "ọdún wo ni" lọ. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé.

Kí wọ́n má sì lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́ wọn nìkan. Wọ́n lè yà sí ojúlé karùn-ún karùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá lọ láago 11 ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, àwọn tó lọ sọ́jà kò ní sí nílé, ìdáhùn àwọn tó wà nílé nìkan ni wọn yóò sì kó wá. Ìrọ̀lẹ́ dára jù.

Nínú ìwé tí wọn yóò kọ, kí wọ́n sọ iye ojúlé tí wọ́n bẹ̀wò kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá mú iye ènìyàn láti ibòmíràn, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀ sí i, torí ọdún 2006 ni wọ́n ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà kẹ́yìn. Kí wọ́n mú ojú ìwé kan ṣoṣo lọ sí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, kí wọ́n kà á síta, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tún un ṣe níbi tó bá kù díẹ̀ káàtó.

Ohun kan tó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀: òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Kíláàsì kan lè kọ̀wé béèrè ìgbà tí wọ́n kó gọ́tà òpópó yẹn kẹ́yìn, iye tó ná wọn, àti ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tiwọn, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti máa ka ọjọ́ 7 náà.