Àwọn Àgbàlagbà Ẹ̀rọ Tí Ń Mú Aṣọ Gbẹ

Ní North Dakota ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aṣọ tí a bá sá sórí okùn nígbà òtútù a máa le gan-an bí pákó. Èyí ni ó mú kí J. Ross Moore ṣe àgbá tí ń fi ooru yí aṣọ títí yóò fi gbẹ. Ilé-iṣẹ́ Hamilton ní Two Rivers bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1938. Brooks Stevens ni ó gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi dígí sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ta ni kì yóò dúró wo aṣọ tí ń jó nínú àgbá?

Irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń kó jọ lónìí, tí wọ́n ń tún ṣe nínú ilé wọn. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan rà má ṣe kánjú so ó mọ́ iná mànàmáná. Òwú wẹ́wẹ́ tí ó ti já lára aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún a máa kó jọ sí ibi tí ooru ti ń jáde, bí ó bá sì gbiná, ilé lè bá a lọ. Kí ó tú u palẹ̀, kí ó gbọ̀n ọ́n mọ́, kí ó pààrọ̀ wáyà tí ara rẹ̀ ti bó àti bẹ́líìtì tí ó ti sán. Dígí nì ńkọ́? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ó mú un. Ó ṣòro láti rí irú rẹ̀ rà.