Ọmọ Aláàbọ̀ Ara Yege BAC: Níbo Ni Owó Yunifásítì Yóò Ti Wá?



Ká ní ọmọbìnrin kan wà nílé yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ láti kékeré. Igi ló fi ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, títí ó fi yege BAC. Inú gbogbo ilé dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, bàbá rẹ̀ ò lè sùn. Owó ilé ńkọ́? Owó oúnjẹ ńkọ́? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé iṣu àti kàsú ọdún yìí lè tó o? Àwọn kan á ní: «Jẹ́ kó jókòó sílé, kó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ.»

Ẹ má tètè gbà. Ìrànlọ́wọ́ wà tí ọmọ náà lè béèrè.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú

Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti ọdún 1990, sọ ní ẹsẹ 26 pé Ìjọba ni yóò máa bójú tó àwọn aláàbọ̀ ara. Ní ọdún 2017, a tún ṣe òfin mìíràn fún wọn. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2017-06. Òfin yìí sọ̀rọ̀ káàdì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ carte d'égalité des chances. Káàdì yìí ni ẹ̀rí tí aláàbọ̀ ara yóò fi hàn nígbà tó bá ń béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ wá ìwé ìbí ọmọ náà. Ẹ rí i pé bí orúkọ rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

2. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà kọ ìwé nípa àìlera rẹ̀.

3. Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ará ìlú ní kọ́múùnù yín. CPS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. GUPS ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ káàdì yẹn.

4. Tó bá yege BAC, kó béèrè owó ìrànwọ́ Ìjọba tí à ń pè ní bourse. A kì í san án padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó yege ló ń rí i. Wọ́n ń wo máàkì, wọ́n sì ń wo ọjọ́ orí. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ aláàbọ̀ ara pamọ́ sílé. Ẹ fi í sílé ẹ̀kọ́ ní kékeré, bí ẹ ti ń ṣe fún àwọn yòókù. Bí kò bá rí bourse, kó béèrè ìrànwọ́ kejì, tí à ń pè ní secours.

5. Tó bá dé yunifásítì, ní Parakou tàbí ní Abomey-Calavi, kó lọ bá àwọn COUS. Àwọn ló ń bójú tó yàrá, oúnjẹ àti ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kó béèrè yàrá ìsàlẹ̀, kó má baà máa gun àtẹ̀gùn.

6. Ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara wà pẹ̀lú. Àpapọ̀ wọn ní Bẹ̀nẹ̀ ni FAPHB. Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wà níbẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ ṣọ́ra o

Ìwé tó bá pẹ́, wọn kì í gbà á. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò parí gbígba ìwé kí BAC tó dé. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí ẹnì kan bá ní: «Fún mi lówó, n ó bá ọ gba bourse», ẹ má dá a lóhùn.

Owó Ìjọba lè pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n dá owó oṣù mélòó kan jọ. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló rọ, orí rẹ̀ kò rọ. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ dáhùn nínú kíláàsì

Ìwé wo ni ẹ ó kọ́kọ́ wá? Ta ni ẹ mọ̀ ní abúlé yín tí ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ta ni yóò lọ sọ fún un?