Báwo ni èèyàn ṣe ń fò láìsí ẹ́ńjìnnì? Ohun tí mo rí lórí òkè Devil's Dyke

Gbogbo wa la mọ òwe yìí: àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ sórí òkè Devil's Dyke, nítòsí ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí i pé òwe náà ò bá iṣẹ́ tiwọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra láìsí ẹ́ńjìnnì, ojú ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti pàdé rẹ̀, kì í ṣe ìdí.

Hang glider ni wọ́n fi ń fò. Aṣọ líle ni wọ́n nà sórí ọ̀pá alumíníọ̀mù títí tó fi dà bí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 30. Ẹni tó ń fò á wọ àpò kan tó dì mọ́ ọn lára, á wá fi okùn àti ìkọ́ irin so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ìyẹ́ náà.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la débẹ̀. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ àríwá ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà kọjú sí. Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, ò tiẹ̀ tú ẹrù wọn rárá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí afẹ́fẹ́ wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó wà, àmọ́ ẹ̀yìn òkè ló gbà wá. Jókòó jẹun jàre."

Ẹ wo odò tó ń sáré. Tí omi bá kọ lu òkúta, iwájú òkúta yẹn ló ti máa ń gbéra sókè; ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti máa ń yí po, tó ń ru gùdù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe sí òkè náà nìyẹn. Níbi tó ti kọ lu òkè, kò ní ọ̀nà míì ju kó gùn ún lọ. Ní ẹ̀yìn, ńṣe ló máa ń ta kìtì, ó sì lè gbé èèyàn àti ìyẹ́ rẹ̀ lu ilẹ̀.

Iṣẹ́ kúkú yá

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, òjò díẹ̀ rọ̀, ó dá, afẹ́fẹ́ sì yí sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀rọ kékeré tí Bọ̀ọ̀dá fi ń wọn eré afẹ́fẹ́ ní kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Gbogbo ẹni tó wà lórí òkè dìde fìrì.

Ọ̀rẹ́ mi kejì, ojúgbà mi, ló kọ́kọ́ múra. Mo bá a di wáyà iwájú mú kí afẹ́fẹ́ má baà já ìyẹ́ gbà. Ó ti gbé e lé èjìká, ó ní kí n fi sílẹ̀, ni Bọ̀ọ̀dá bá pariwo: "Dúró! Ṣé o ti so kọ́?"

"Mo ti so ó, Bọ̀ọ̀dá."

"Dùbúlẹ̀ kí n rí i."

Ó dùbúlẹ̀. Ó yẹ kí okùn gbá a dúró, kó máa fì. Àyà ló fi ba koríko. Ìkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ti so ó tẹ́lẹ̀ o. Ó tú u nígbà tó fẹ́ lọ mú ìbọ̀wọ́, ló bá gbàgbé. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ lè ní, báwo lèèyàn ṣe máa gbàgbé irú ìyẹn? Ẹni tó wà ní ìdúró, èjìká ló fi gbé ìyẹ́, okùn á dẹ̀. Bó so ó, bí ò so ó, bákan náà ló máa rí lára rẹ̀, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, tó bá ku ọwọ́ nìkan. Ó ti pa àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbára lé ìrántí: wọ́n á dùbúlẹ̀ ni.

Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gòkè

Ó so ó, ó dùbúlẹ̀, okùn gbé e. Ó dìde, ó sáré bí ìṣísẹ̀ márùn-ún sínú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó balẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo àkókò yẹn, ó ń já bọ̀ ni. Nínú afẹ́fẹ́, hang glider máa ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ iwájú òkè bá ń gòkè ní mítà méjì, èrè mítà kan ti wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn oníná tó ń gbéni ròkè: atẹ́gùn di àtẹ̀gùn.

Ara ló fi ń darí. Tó bá sún ara sí òsì, á yà sí òsì; tó bá fa ọ̀pá mọ́ra, imú ìyẹ́ á dorí kodò, eré á pọ̀ sí i. Otto Lilienthal, ará Jámánì, fi irú ọgbọ́n yìí fò ju ìgbà 2,000 lọ kó tó já bọ́, tó sì kú ní 1896. Apá ló fi gbé ara kọ́, ẹsẹ̀ nìkan ló rọrùn fún un láti jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lónìí, okùn ló ń jẹ́ kí gbogbo ara lè sún. Okùn tí ojúgbà mi gbàgbé láti so yẹn, òun náà ni ìdarí rẹ̀.

Tí ẹ bá gun Olúmọ, ẹ wá àwòdì tó na ìyẹ́ tí kò jù ú, kẹ́ ẹ wo apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń padà, ojúgbà mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá mi o." Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ò ní sọ, àmọ́ kó máa dùbúlẹ̀.